Agolo Kejì

Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ti kúrò lára ògiri, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ka igi máńgòrò bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ mọ́. Mounira Oyèkàn gbójú sókè wò ó, ó mí kanlẹ̀. Láti ìdájí ló ti wà lórí ìdúró. Olè alùpùpù ló kọ́kọ́ gbé e dé àdúgbò Kennedy ní Bouaké, lẹ́yìn náà ni àwọn orogún méjì kan tí wọ́n fi omi gbígbóná bá ara wọn wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà, ó sì ti ń ronú oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí ìró náà dún ní N'Gattakro, tí gbogbo ẹyẹ àdúgbò fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀ràn yìí rọrùn," ni Ismaël wí. Ismaël ni igbákejì rẹ̀ ní kọ̀mísáríà ọlọ́pàá, ọmọ Jula tí ẹnu rẹ̀ máa ń dá ẹjọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ tán. "Ọmọkùnrin inú ilé yìí ń ṣòwò ohun ìjà. Ó bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká lọ jẹun."

"Ebi ló ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ebi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ebi kì í parọ́."

Ràhmán ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà. Àwọn aládùúgbò ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ọlọ́pàá tó dé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ, àwọn dókítà sì ti fi oògùn gbé e sùn. Kò sí ẹni tó lè bi í léèrè ohunkóhun. Àwọn ohun tó fi sílẹ̀ ni Mounira wá ń bi léèrè.

Ẹ̀rọ kan fara ti ògiri, ọ̀pá gígùn tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ọmọrí ìkòkò. Irú rẹ̀ ni àwọn awáwúrà ń gbé kiri inú igbó, tí yóò máa ké tíín-tíín bó bá gbọ́ òórùn irin lábẹ́ ilẹ̀. Ihò kan wà ní ìdí ààrò àtijọ́. Òòlù kan bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, òróró ilé ìtajà ṣì ń dán lára rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà àwọ̀ ewé tọ́ èèkù rẹ̀ díẹ̀. Nínú yàrá tí nǹkan kan ò ṣe, abẹ́rẹ́ ìránpò kan gún orí ẹní, òwú funfun nínú ihò rẹ̀, àjákù aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mounira kó òòlù àti abẹ́rẹ́ sínú àpò rẹ̀. Kò tíì mọ ìdí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti kọ́ ọ pé ohun tó bá jẹ́ tuntun nínú ilé ògbólógbòó, ó lẹ́nu.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ wá wo nǹkan."

Konan ló pè é, àgbà sójà ọmọ Baoulé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa palẹ̀ bọ́ǹbù tí ogun gbàgbé mọ́. Ó lóṣòó ti ihò náà, ó mú àfọ́kù agolo dání.

"Agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, ńlá. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pa á lẹ́nu dé kí omi má baà wọ̀ ọ́. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun ló gbé ilé yìí lẹ́yìn tí àwọn onílé sá lọ. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọn ò kó gbogbo ẹrù wọn." Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ihò. "Ẹ wo amọ̀ yẹn."

Mounira tẹ̀ wò. Òbìrìkítí méjì ló wà nínú amọ̀ tútù náà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bí àpá tí ife tíì méjì máa ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Agolo méjì ló jókòó síbí," ni ó wí.

"Ẹyọ kan ló bú. Mo ti ka àfọ́kù rẹ̀."

Ismaël náà tẹ̀ wò. Ebi ti kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀.

"Èkejì ńkọ́?" ni Mounira bèèrè. "Bí wọn kò bá ṣí i, ṣé kò léwu?"

Konan nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Irin tó dè é mú ti dípẹtà. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀. Ó sì lè jẹ́ ọmọdé tó máa fò lé e lórí ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni yóò jí i. Ṣẹ́ẹ̀fù, èmi ò bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá àdéhùn rí."

Mounira na ẹ̀yìn rẹ̀. Ogun ti parí lókè ilẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tíì ránṣẹ́ sí.

*

Fadila, ìyàwó Ràhmán, jókòó sábẹ́ àtíbàbà aládùúgbò, eruku ògiri ṣì funfun lórí irun rẹ̀. Ó ń pọn omi ní ẹ̀rọ ìta nígbà tí ilé náà bú. Ìyẹn ló yọ ọ́.

Ó fi Faransé dáhùn pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó tún fi Yorùbá sọ ọ́, bí ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni ọkọ rẹ ń wá nínú ilẹ̀?"

"Irin àlòkù. Idriss ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Agolo mélòó ló hú?"

Ojú Fadila sá lọ sí ojú ọ̀nà. "Mi ò ka agolo."

Kò béèrè pé agolo wo. Mounira gbọ́ ìyẹn, ó fi í pamọ́, ó sì dìde. Ẹni tó bá ti ti ìlẹ̀kùn, èèyàn á kọ́kọ́ rìn yí ilé rẹ̀ ká ná.

*

Ọgbà Idriss wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Páànù, ẹ́ńjìnnì, férémù bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ohun tí Bouaké ti lò gbó ló kó jọ bí òkè. Idriss fúnra rẹ̀ tín-ín-rín bí wáyà.

"Ràhmán? Ràhmán wo? Ìyá ọlọ́pàá, Ràhmán pọ̀ ní ìlú yìí ju máńgòrò lọ."

"Ràhmán tí ẹ̀rọ rẹ wà nílé rẹ̀."

"Mi ò lẹ́rọ."

"Rọ́bà kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù tó wà lára ọwọ́ ẹ̀rọ náà," ni Mounira wí jẹ́jẹ́, "òun kan náà lo fi we ọwọ́ ọmọlanke rẹ yìí. O tiẹ̀ ta kókó rẹ̀ bákan náà."

Idriss wo ọmọlanke rẹ̀ bí ẹni pé ó dà á.

Kí ó tó rí irọ́ mìíràn dì mú, Ismaël kígbe láti inú àká. Agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, ńlá, wà nísàlẹ̀ àpò kan. Gbogbo wọn sá jáde, Idriss ló tètè dé òpópónà jù. Konan nìkan ló wọlé. Ó pẹ́. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ, ẹnì kan ti ń ta omi tútù fún wọn. Nígbà tí Konan jáde, ó gbé agolo náà sí àyà bí ọmọ tuntun, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀.

"Kì í ṣe òun. Ọta ìbọn ló kún un. Wọ́n ṣì yè, púpọ̀ nínú wọn." Ó yíjú sí Idriss. "Kí lo ń fi wọ́n ṣe?"

"Bàbà ara wọn ni mo ń tà, ọ̀gá. Bàbà lásán."

"Báwo lo ṣe ń yọ ẹ̀tù inú wọn?"

"Mo máa ń... yan wọ́n díẹ̀."

"Lórí iná?"

"Iná kékeré ni."

Konan ṣí fìlà, ó wò ó tìtì. "Arákùnrin, Ọlọ́run ló gbàgbé rẹ."

Ẹ̀rù ti tú ètè Idriss wàyí. "Ìyá ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ràhmán ò wá irin. Wúrà ló ń wá. Ó ní màmá tó bí bàbá òun ri wúrà sínú agolo mọ́ ìdí ààrò kí wọ́n tó sá fún ogun. Gbogbo ìdílé ló ń sọ ọ́. Mo kìlọ̀ fún un! Mo ní ẹ̀rọ yìí ò lójú. Ariwo tó máa ké fún wúrà náà ló máa ké fún ikú."

"Ìwọ tó ń yan ọta ìbọn lo kìlọ̀ fún èèyàn?"

"Kì í ṣe ẹni tó mọ ojú ọ̀nà náà ló ń gbà á, Ìyá."

*

Nínú ọkọ̀, Ismaël ń lu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ orúnkún. "Wàhálà ti dé. Anago, Yorùbá bíi tiyín, tó bá rí wúrà, ọjà ló ń gbé e lọ. Ó ti tà á. A ò ní rí i mọ́."

"Ta ló máa ra agolo tí wọn ò ṣí?"

"Hẹn."

"Bó bá fẹ́ tà á, yóò kọ́kọ́ ṣí i, kó rí ohun tó ń tà. Bó bá sì ṣí i, kì bá tí rọ́wọ́ ṣí èkejì. Èyí tó jáde nílé yẹn, pípa dé ló jáde." Mounira fi orí ti fèrèsé. Agbárí ń fọ́ ọ. "Ta ni èèyàn ń fi wúrà ránṣẹ́ sí láìkọ́kọ́ yọjú wò ó?"

Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ nínú àpò. Òwú funfun náà nípọn, wọ́n fi ìda fà á kí ó má baà tètè já. Ó ti rí irú rẹ̀ rí, lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, lábẹ́ iná fìtílà, nígbà tó ṣì kéré tó ń jókòó ti àwọn àgbà.

"Yí ọkọ̀ padà," ni ó wí.

*

Lọ́tẹ̀ yìí Mounira bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ ti Fadila lórí ẹní. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sáàárín wọn.

"Kò sí ẹ̀wù tuntun nínú ilé yín. Abẹ́rẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti aṣọ wíwọ̀. Bàbá mi ní irú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n á rán an yíká, kí ẹni tó ń gbé e lọ lè fi Kùránì búra pé ojú òun ò kan inú rẹ̀. Ìwọ lo rán an."

Fadila di ẹnu mú.

"Ìyàwó mi, n kò wá gba wúrà. Wúrà kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Arákùnrin ohun tó gé ọwọ́ ọkọ rẹ ni. Ibi yòówù tó bá wà báyìí, àwọn èèyàn jókòó tì í."

Ẹkún náà jáde láìní ohùn. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí Sìdíkátù ló ni í. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sá lọ, wọn ò padà wá. Ọkọ mi ní ọmọ méjì ni màmá bàbá òun bí, agolo méjì ni òun bá. Ọ̀kan ti bàbá òun tó ti kú, ọ̀kan ti Àǹtí. Mo ní kó ṣí méjèèjì wò. Ó bínú sí mi! Ó ní bí òun bá ṣí tiwọn, wọ́n á ní òun ti yọ nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe gbé e lé òun lọ́wọ́ ni kó dé ọwọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ lọ fi ti Àǹtí ránṣẹ́, kó tó fọwọ́ kan tiwa."

"Ta ló gbé e fún?"

"Kò sọ. Ó ní ohun tí mi ò bá mọ̀, ọlọ́pàá ò lè gbà á lẹ́nu mi." Ó wo Mounira, ojú tì í. "Ẹ má bínú."

"Kò burú. Nígbà tó padà dé, kí ló mú bọ̀?"

"Òòlù. Wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ná kọ́bọ̀, kí n lọ pọn omi kí òun fi ṣí ti bàbá òun." Ó tún bú sẹ́kún. "Omi yẹn ni mo lọ pọn."

Mounira gba nọ́ńbà Àǹtí Sìdíkátù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki bàtà bọ ẹsẹ̀ tó ti wú.

*

Ní ìlà àwọn oníṣòwò irin ní Grand Marché, ọjà ńlá Bouaké, bí oníbàárà bá fẹ́ ohun tí kò sí ní ìsọ̀ kan, onísọ̀ á sáré mú un ní ti ẹnìkejì, wọ́n á sì ṣírò ara wọn ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe ń fi ọ̀dà sàmì sí ọjà tirẹ̀. Òòlù kan kì í sọnù níbẹ̀.

"Àwọ̀ ewé?" ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí Mounira fi òòlù hàn wí. "Ti Àlàájì Jàfárù ni. Ṣùgbọ́n ẹ yára o. Wọ́n ti dágbére fún gbogbo wa. Mọ́tò Abidjan ni wọ́n ń bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n á gbà lọ sílé."

Àlàájì Jàfárù jókòó sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣó àti ẹ̀wọ̀n irin, báàgì ìrìn-àjò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun gbòò. Mounira kúnlẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá."

"O ò ní kú o. Ta nìyí tó ń fi aṣọ ìjọba kúnlẹ̀?"

"Mounira ni, Bàbá. Ọmọ Ìbráímọ̀ Oyèkàn."

"Oyèkàn oníkẹ̀kẹ́!" Ojú bàbá tàn. "Olóòótọ́ èèyàn. Àìmọye àmánà mi ló gbé délé, kò já òwú kan rí. Dìde, ọmọ mi."

"Àmánà náà ló gbé mi wá. Èyí tí Ràhmán kó lé yín lọ́wọ́ láàárọ̀."

Ojú náà kú bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa. "Mi ò rí Ràhmán."

"Òòlù yín wà lọ́wọ́ mi."

"Òòlù ni mò ń tà. Gbogbo Bouaké ló ní òòlù mi lọ́wọ́."

Mounira sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀: ilé ìdáná, ihò, agolo, ọwọ́ òsì. Àlàájì gbọ́ dé òpin. Ó dá tẹ̀sùbáà dúró nígbà tó gbọ́ ti ọwọ́ Ràhmán, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ò mì.

"Ọmọ mi, àwọn tó kó ìsọ̀ mi lọ́jọ́ ogun náà, wọ́n wọ aṣọ ìjọba. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn wá dáàbò bò mí ni. Bí èèyàn bá gbọ́ òórùn wúrà níbì kan, ìgbàlà ló máa ń kọ́kọ́ bá wá. Bí mo bá gba àmánà, lójú ọlọ́pàá, mi ò gbà á. Bí mi ò bá gbà á, mi ò gbà á náà nìyẹn."

Ismaël tẹnu bọ etí Mounira. "Ká tú báàgì."

"Rárá." Mounira ti ń wo ìsọ̀ náà láti ìgbà tó ti kúnlẹ̀. Àlàájì ti kírun Àsárì, omi àlùwàlá ṣì tutù lórí sìmẹ́ǹtì, kẹ́tù wà níbẹ̀. Páálí tí wọ́n ya lára àpótí ìṣó ló tẹ́ síbi tí iwájú orí rẹ̀ kàn. Lókè, lórí pẹpẹ páànù, ẹní ìkírun kan wà ní kíká, ẹní Mẹ́kà tó dára, wọ́n sì fi okùn dì í. Agbẹ́rù kan gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì, èjìká rẹ̀ kan igi. Pẹpẹ náà mì. Ẹní náà yí díẹ̀, ó dúró.

Mounira rọra fà sẹ́yìn.

"Ismaël," ni ó wí láìyíjú, "pe Konan. Kí ìlà yìí sì ṣófo, láìsí ariwo, láìsí ìsáré."

"Báwo?"

"Sọ fún wọn pé àwọn agbowó-orí ń bọ̀ wá yẹ rìsíìtì wò."

Kí ẹni tó ń pọ́n ẹnu tó lá a tán, páànù ìlẹ̀kùn ti ń balẹ̀ gbàrà-gbàrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìlà náà. Àwọn onísọ̀ ń rìn lọ, wọ́n ń kí ara wọn, bí ẹni pé ọjà ti tú fúnra rẹ̀.

"Bàbá," ni Mounira wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè, "ẹ kírun lórí páálí."

"Ilẹ̀ gbogbo ni mọ́ṣáláṣí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Àlàájì tó ní ẹní Mẹ́kà kì í dédé gbé e gun pẹpẹ kó sì fi okùn dì í kí ìrìn-àjò tó yá. Ẹ wá ibi tó mọ́ jù lọ nínú ìsọ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, ẹ gbé àmánà sí i. Mo lè ní kí wọ́n gbé e. Ẹ̀yin á dìde dì í mú, torí olóòótọ́ ni yín. Ohun tí wọ́n bá sì ń jà dù, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí."

Ojú Àlàájì gòkè lọ sí pẹpẹ, ó sọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ẹni tó ni ín nìkan ló lè tú u."

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

Mounira tẹ ohùn fóònù síta kí Àlàájì lè gbọ́; ó dún, dún, dún. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan gbé e, àwọn adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mounira kí i, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí bó ti lè ṣe tó.

"Agolo wúrà kẹ̀?" ni Sìdíkátù wí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí? Wúrà màmá wa, ìdí mi ni mo dì í mọ́ lọ́jọ́ tí a sá. Títà la ń tà á díẹ̀díẹ̀ láti Burkina títí a fi délé. Ràhmán ń fi ebi sunkún lẹ́yìn mi. Wàrà tó mu lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti wá. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́! Ṣé wọn ò bi wá ni? Ẹnikẹ́ni ò ri nǹkan kan mọ́ ilẹ̀ N'Gattakro, àfi ibi ọmọ Ràhmán."

Àlàájì Jàfárù ti di ojú.

"Ìyá mi," ni Mounira wí, "ẹ bá Àlàájì sọ̀rọ̀. Ẹ yọ̀ǹda àmánà yín."

"Àlàájì, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ gbé e fún wọn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kúrò nítòsí rẹ̀. Ràhmán ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ mi ńkọ́?"

Àlàájì fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí pẹpẹ náà. Ó dìde, Ismaël sì dì í lápá jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ Mounira, ó dúró.

"Èmi ni mo fún un ní òòlù yẹn. Mo ní kó fi ṣí ti bàbá rẹ̀. Mo súre sí i."

Mounira tún aṣọ ṣe lé bàbá léjìká.

Konan wọlé, ó ń rìn bí ẹni tó ń gba inú yàrá ọmọ tó sùn kọjá.

*

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Mounira dé ilé ìwòsàn. Kò tíì jẹun. Fadila sùn lórí àga, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Báńdéèjì funfun kan we apá ọkùnrin náà, kò sì sí ohunkóhun ní ibi tí ó yẹ kí ìka wà.

Láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn ìlú, ohun kan dún gbìì, lẹ́ẹ̀kan. Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n díẹ̀. Konan ti parí iṣẹ́.

Ojú Ràhmán là. Ó wo òkè àjà, ó wo yunifọ́ọ̀mù Mounira. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó fi ahọ́n tọ́ ọ.

"Agolo ti Àǹtí mi," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ gbà á?"

"Ó ti dé ọwọ́ ẹni tó yẹ."

"Ṣé wọ́n tú u lójú ọ̀nà?"

Mounira ronú ohun tó gbọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ronú wàrà ọmọdé, àti ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọ̀rọ̀ yẹn, Sìdíkátù ni yóò sọ ọ́. Kì í ṣe ti òun láti tú.

"Kò sẹ́ni tó tú u," ni ó wí. "Bí ìyàwó rẹ ṣe rán an náà ló wà dé òpin."

Ọkùnrin náà mí sílẹ̀, ó padà di ojú.

"Ó dáa," ni ó wí. "Wọn ò ní lè sọ pé mo yọ nínú rẹ̀."